Ìjì líle tún ń bọ̀: kí ló yí padà nínú ìdílé yín nígbà tí ẹ ń dúró kí ó kọjá?

Bàbá Àìná, Katy, Texas

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìgbà ìjì ti wọlé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà, kò sì ní í tán títí oṣù Kọkànlá yóò fi parí. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, ilé-ìwòsàn tí ó ń bá ṣiṣẹ́ sì ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní "ride-out team" lọ́dún yìí. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n máa ń wọ ilé-ìwòsàn kí ìjì tó dé, tí wọn kì í jáde títí ìjì yóò fi kọjá tí ọ̀nà yóò sì ṣe é gbà fún àwọn tí yóò wá gbà á lọ́wọ́ wọn. Bí ìjì bá dé, èmi, àwọn ọmọ wa méjèèjì àti ìyá ìyàwó mi tí wọ́n wá kí wa láti Ìbàdàn ni yóò jọ wà nínú ilé.

Nígbà tí ìjì Beryl jà ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 2024, gbogbo wa la wà nílé. Ìpele kìíní péré ni ìjì náà wà nígbà tí ó gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Matagorda, síbẹ̀ ilé àti ibi iṣẹ́ tí iná lọ níbẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 2 ní agbègbè Houston, oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ràn wá bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ alẹ́ ni ìyàwó mi ń ṣe nígbà náà, iṣẹ́ ọ̀sán ni tèmi, ó sì ti pẹ́ tí ó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà nìkan la ti ń pàdé, tí ẹnì kan ń wọlé tí ẹnì kejì ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Nígbà tí iná lọ tí fóònù sì kú, a jókòó sínú pálọ̀, a wá rí i pé yàtọ̀ sí owó ilé àti ẹni tí yóò lọ gbé ọmọ, a kò mọ ohun tí a lè bá ara wa sọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde, nígbà tí ó sì jáde, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dùn létí. Ṣùgbọ́n kí iná tó padà dé, ó ti sọ fún mi pé agbára òun kò gbé iṣẹ́ alẹ́ mọ́, mo sì ti gbà pé kí owó tó ń wọlé dín kù. Láti ìgbà náà ni a ti ń jẹun alẹ́ pọ̀.

A ti ra omi, a ti ra bátìrì àti oúnjẹ inú agolo, nítorí náà n kò béèrè ohun tí a ó rà. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀yin tí ẹ ti la irú èyí kọjá ni bí ìdílé yín ṣe rí nígbà tí ẹ ń dúró, ohun tí ó yí padà tí kò sì tún padà sí bí ó ti wà, àti ohun tí ẹ sọ fún àwọn ọmọ.

Ọmọ Ògùnpa, Alief

Bàbá Àìná, ẹ kú ìmúra sílẹ̀. Mo bá ìjì Ike dúró ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ṣùgbọ́n ti ìjì Harvey ni n ó sọ. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2017 ló gúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ Rockport, ibẹ̀ sì jìnnà sí wa, nítorí náà afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò dà wá láàmú tó bẹ́ẹ̀. Òjò ló bá wa jà. Ìjì náà rá pálá sójú kan, ó ń fa omi nínú òkun, ó ń dà á lé wa lórí, débi pé òjò tí wọ́n wọ̀n ní Nederland, níhà ìlà-oòrùn wa, lé ní 60 ínǹṣì.

Ìyá mi wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Ẹ̀gbẹ́ odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ni wọ́n ń gbé nígbà omíyalé ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, wọ́n sì fojú ara wọn rí bí omi ṣe gbé ilé àti ọkọ̀ àti ènìyàn lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé Amẹ́ríkà ni a ti ń ṣe wọ́n bí ọmọdé. A kì í jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìdáná, a kì í jẹ́ kí wọ́n dá jáde, ọmọ mi ọkùnrin ló sì ń bá wọn gbé fóònù. Nígbà tí òjò ń rọ̀, èmi àti ọkọ mi jókòó ti tẹlifíṣàn, à ń dúró kí wọ́n sọ fún wa bóyá omi yóò dé ọ̀dọ̀ wa. Màmá kò wo tẹlifíṣàn. Wọ́n ya gèlè àtijọ́ kan, wọ́n so ó mọ́ ọwọ́ ìgbálẹ̀ gígùn ní ipele mẹ́ta, wọ́n ki igi náà bọ ilẹ̀ àgbàlá, wọ́n sì gbé àga sí ìdí fèrèsé tí wọ́n ti lè máa fi tọ́ọ̀ṣì wò ó.

Ẹ̀bá odò Buffalo Bayou la ń gbé nígbà náà, ní ìsàlẹ̀ ìsédò Addicks àti Barker. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í dá, ọkọ mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó ní kí a sùn. Màmá ní òjò ló dá, omi kò dá, nítorí pé aṣọ kejì ti wọ omi láti ìgbà tí òjò ti dá. Wọ́n ní bí Ògùnpa ṣe ṣe nìyẹn, pé ohun tí ó rọ̀ lókè ló ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀. A kò mọ̀ nígbà náà pé ilẹ̀ ọjọ́ 28 kò tíì mọ́ tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi sílẹ̀ láti inú ìsédò méjèèjì, kí omi má baà kún kọjá agbára wọn. Ọkọ mi ní ìjọba kò tíì sọ nǹkan kan. Màmá ní, "Ọmọ mi, ṣé ìjọba ló ń gbé ilé yìí ni?" Wọ́n dìde, wọ́n gbé àpò gààrí lé orí, wọ́n gba orí àkàsọ̀ lọ sókè, àwọn ọmọ sì tẹ̀lé wọn pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìwọ̀lú wa àti àwo tí ọbẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, omi ti bo ìjókòó àga pálọ̀.

Ẹ bi mí ní ohun tí ó yí padà. Láti alẹ́ ọjọ́ náà, kò sí ẹni tó tún ṣe Màmá bí àlejò mọ́. Àwọn ni wọ́n ń pín omi, àwọn ni wọ́n ń sọ ẹni tí yóò sùn àti ẹni tí yóò ṣọ́nà, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni sì dé, àwọn ni wọ́n tò wá sínú rẹ̀. N kò ní sọ pé ó rọrùn fún ọkọ mi. Ilé tuntun tí a wá gbà ní Alief, Màmá ló yàn án, wọ́n ní kí a mú èyí tí ó wà ní gegele, ọkọ mi sì ṣe oṣù bíi mélòó kan tí kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ bí a bá ń jẹun. Àwọn méjèèjì ti di ọ̀rẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń dupò ni.

Ìjẹ̀bú Dallas

Mo kí Màmá fún ọgbọ́n wọn. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ apá kejì, nítorí pé bí ẹni tí ó dúró bá rí wàhálà, ẹni tí ó sá náà rí i.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2005, tí ọ̀rọ̀ ìjì Katrina àti New Orleans ṣì ń dun gbogbo ayé, gbogbo Houston ló jáde lẹ́ẹ̀kan náà fún ìjì Rita. Ó lé ní mílíọ̀nù 2 ènìyàn tí ó bọ́ sójú ọ̀nà. A wà lórí òpópónà I-45 láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú tí ilẹ̀ tún fi mọ́, mọ́tò kò sì kúrò lójú kan. Ooru mú, àwọn ilé epo gbẹ, a pa ẹ̀rọ amúlétutù kí epo má baà tán, oyún sì wà nínú ìyàwó mi. Àwọn tí ó kú lẹ́nu ìsákúrò náà lé ní 100, mẹ́tàlélógún nínú wọn jẹ́ àgbàlagbà láti ilé ìtọ́jú tí bọ́ọ̀sì wọn gbaná nítòsí Dallas. Rita fúnra rẹ̀ yà sí ẹnu ààlà Texas àti Louisiana. Ohun tí ojú rí lọ́dún yẹn wà lára ìdí tí Sylvester Turner, tí ó jẹ́ olórí ìlú Houston nígbà Harvey, fi ní kí àwọn ènìyàn dúró sílé.

A kò padà sí Houston mọ́. Inú mọ́tò yẹn ni a ti pinnu rẹ̀, kì í ṣe nítorí ìjì, nítorí pé ìyàwó mi ní òun kò rí ẹnì kan ṣoṣo tí òun lè pè ní gbogbo ìlú náà láti bá wa wo ilé. Ọdún bíi mélòó kan la ti lò níbẹ̀, a kò mọ orúkọ aládùúgbò kankan. Ní Dallas, ohun àkọ́kọ́ tí ó ṣe ni pé ó din púpupú, ó sì gbé e lọ sí ilé ọ̀tún àti ilé òsì.

Òfin tí àwọn ará etíkun máa ń sọ ni pé omi ni a ń sá fún, afẹ́fẹ́ ni a ń fara pamọ́ fún. Bàbá Àìná, Katy kò sí létíkun, ṣùgbọ́n ẹ wò ó nínú àwòrán ilẹ̀ bóyá ilé yín wà nínú ibi tí omi Barker lè kún dé. Ọ̀pọ̀ ilé ní ẹ̀gbẹ́ Cinco Ranch ló wọ omi lọ́dún 2017 láti ẹ̀yìn ìsédò náà, àwọn tó ra ilé níbẹ̀ kò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Sugar Land

Mo ti wà nínú "ride-out team" nígbà Harvey àti nígbà Beryl, nítorí náà n ó sọ ohun tí ojú ìyàwó yín yóò rí.

Iná kì í lọ níbẹ̀ bíi ti ilé, ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, oúnjẹ wà. Ẹni tí ó wà nínú ibẹ̀ mọ̀ pé ara òun tutù, pé àwọn ọmọ òun wà nínú ooru, ohun tí kì í jẹ́ kí a lè sùn lórí ibùsùn pẹlẹbẹ tí wọ́n tò sí yàrá ìpàdé nìyẹn. Nígbà Harvey, àwọn tí ó yẹ kí wọ́n wá gbà á lọ́wọ́ wa kò lè dé nítorí omi tí ó bo ọ̀nà, a sì dúró kọjá iye ọjọ́ tí a kó aṣọ fún. Ẹ bá a di ìrọ̀rí tirẹ̀ sínú ẹrù.

Ẹ jọ ní àkókò kan tí ẹ ó máa sọ̀rọ̀ lójúmọ́, ẹ má sì máa fi gbogbo ìṣòro ilé ránṣẹ́ bí ó bá ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi kọ̀wé sí mi ní àárín òru kan pé omi ti dé ẹnu géètì, lẹ́yìn náà fóònù rẹ̀ kú. Aláìsàn márùn-ún ló wà lọ́wọ́ mi. Mo ṣe iṣẹ́ mi títí ilẹ̀ fi mọ́, ṣùgbọ́n n kò rántí ọ̀kan nínú ohun tí mo kọ sínú ìwé wọn.

Nígbà tí mo padà délé, ọmọ mi obìnrin jókòó sáàárín ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ sì ń di irun fún un. Ìlà irun náà wọ́, irú dídì náà kò ní orúkọ, ọmọ náà sì ní kí n má fọwọ́ kàn án. Mo bínú. N kò ní purọ́, mo wọ yàrá lọ, mo sì sunkún, nítorí ó dà bí ẹni pé wọ́n ti gba nǹkan lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ. Láti ìgbà náà ni irun alẹ́ ọjọ́ Àìkú ti di ti bàbá rẹ̀ nínú ilé wa. Ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ báyìí.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀, Richmond

Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ ìjì yìí bí ẹni ń kọrin. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan sọ tòdodo. Lẹ́yìn Harvey ni ìgbéyàwó mi tú, ìdúró ló sì tú u, kì í ṣe omi.

Omi lọ. A wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró de adójútòfò. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń ka èyí, ìwé adójútòfò ilé lásán kì í san owó omíyalé. Ti omíyalé dá yàtọ̀, bí ẹ bá sì gbà á lábẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ lónìí, ó sábà máa ń gba 30 ọjọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà ẹni tí ó bá dúró kí ìjì yọjú sójú òkun kí ó tó lọ rà á ti pẹ́. Ọkọ mi àtijọ́ mọ̀ pé tiwa ti tán, kò sì sọ. Ọ̀pọ̀ oṣù la fi sùn sínú pálọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ nípa owó tí mo gbà pé ó ń bọ̀. Lójú tèmi, ìjì kò yí ẹnikẹ́ni padà. Ohun tí ó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló hú jáde.

Bàbá Àìná, Katy, Texas

Ẹ ṣeun, gbogbo yín, pàápàá Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀. Mo lọ yọ ìwé adójútòfò wa jáde lálẹ́ àná nítorí ọ̀rọ̀ yín, ti omíyalé wà níbẹ̀.

Mo ka ọ̀rọ̀ Ọmọ Ògùnpa sétí ìyá ìyàwó mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn mọ ilé tí ìyá yẹn ń sọ nípa rẹ̀, bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n lóòótọ́ n kò lè sọ. Onígbàgbọ́ tí kì í fi ṣọ́ọ̀ṣì ṣeré ni wọ́n, ṣùgbọ́n nígbà tí mo fi àwòrán ìjì bí ó ṣe ń yí lójú òkun hàn wọ́n lórí fóònù, ohun tí ó jáde lẹ́nu wọn ni "ẹ̀fúùfù lẹ̀lẹ̀ tí ń dá igi lókèlókè," oríkì Ọya tí wọ́n ti ń gbọ́ láti kékeré.

Ọ̀ràn kan ṣoṣo ló wà láàárín àwa méjèèjì. Wọ́n fẹ́ kí a gbé jẹnẹrétọ̀ sí ẹ̀yìn kíṣìnnì, lábẹ́ òrùlé, kí òjò má baà pa á, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ̀ fún wọn?

Nọ́ọ̀sì Sugar Land

Ẹ kọ̀ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ̀ ọ́. Ó kéré tán, kí ó jìnnà sí ilé ní 20 ẹsẹ̀ bàtà, kí ẹnu èéfín rẹ̀ má sì kọjú sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn kankan. Gáàsì olóró tí ó wà nínú èéfín náà, tí wọ́n ń pè ní "carbon monoxide", kò ní òórùn, a kì í rí i, ẹni tí ó bá ń sùn lè má jí. Lẹ́yìn ìjì ni wọ́n máa ń gbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ wá bá wa, ìdílé kan náà nígbà mìíràn, bàbá, ìyá àti ọmọ, tí afẹ́fẹ́ kò fọwọ́ kàn wọ́n rárá. Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí ń han bí ó bá gbọ́ gáàsì náà, kí ẹ sì jẹ́ kí Màmá gbọ́ ariwo rẹ̀ kí ìjì tó dé.

Tèmi Nìyí, Missouri City

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin àgbà, mo tọrọ àyè láti sọ̀rọ̀. Ọmọ ọdún 12 ni mí nígbà Harvey, ibí ni wọ́n sì bí mi sí. Bàbá Àìná béèrè ohun tí a ń sọ fún àwọn ọmọ, kò sì sí ẹni tó tíì dáhùn.

Àwọn òbí mi kì í bá wa sọ Yorùbá nígbà náà. Wọ́n fi pamọ́ fún ara wọn ni, fún ọ̀rọ̀ owó, ọ̀rọ̀ ẹbí àti ohun tí wọn kò fẹ́ kí a gbọ́. Ní alẹ́ tí omi ń bọ̀, wọ́n ń fi èdè òyìnbó sọ fún èmi àti àbúrò mi pé kò sí nǹkan, kí a máa ṣeré, wọ́n á sì yíjú sí ara wọn, wọ́n á fi Yorùbá sọ pé bí ó bá dé ibùsùn, ẹnì kan ni yóò gbé kékeré, pé àgbà yóò ní láti lúwẹ̀ẹ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá ni mo ti fi ń gbọ́ ọ láti inú ìjókòó ẹ̀yìn mọ́tò. Èmi ni àgbà tí wọ́n ń sọ, n kò sì mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dáadáa.

Mo fi Yorùbá dá wọn lóhùn pé mo lè di ilẹ̀kùn fíríìjì mú bí ó bá léfòó. Ó ṣeé ṣe kí gírámà mi má tọ̀nà. Màmá mi kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń sunkún pọ̀. Omi kò wọlé tiwa, ó dúró ní gàréèjì. Láti ìgbà náà, kò sí èdè àṣírí nínú ilé wa mọ́, àbúrò mi sì ń sọ ọ́ ju èmi lọ báyìí. Nítorí náà mi ò gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n wa Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀ pátápátá. Ohun tí ó wà nílẹ̀ ló jáde lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé kì í rí bí ó ṣe rí tẹ́lẹ̀ mọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti jáde.

Ẹ sọ òótọ́ fún wọn, sà. Wọ́n ń gbọ́ yín.

Àdìsá Tampa

Kúkúrú ni tèmi. Ní Florida níbí, ìjì Helene dé ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ìjì Milton dé ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá, a kò sì tíì kó pàǹtírí ti àkọ́kọ́ kúrò lójú títì tí wọ́n fi ní kí a tún jáde. Gbogbo wa, títí kan àwọn àna mi, la há mọ́ yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan. Ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́jọ ni olórí tọ́ọ̀ṣì, kò sì sí ẹni tó lè tan ọ̀kan láìgba àṣẹ. Ó ṣì ń ka bátìrì títí di òní.

Olóòótọ́ Ọ̀rọ̀, Richmond

Tèmi Nìyí, mo gbọ́ o. N kò ní jiyàn.

Bàbá Àìná, Katy, Texas

Àwa méjèèjì jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ lálẹ́ yìí, ìyàwó mi sì sọ fún wọn fúnra rẹ̀ pé bí ìjì bá dé, òun kò ní sí nílé. Èyí àgbà bi í léèrè bóyá ó lè kọ̀. Ó ní òun lè kọ̀, òun kò sì fẹ́ kọ̀, ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wọn. Èyí àbúrò fẹ́ mọ ẹni tí yóò máa di irun òun. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyá ìyàwó mi, wọ́n ní ọwọ́ mi le. Jẹnẹrétọ̀ yóò wà lẹ́bàá ọgbà, Màmá ti gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn ni yóò máa tan án.

Ọmọ Ògùnpa, Alief

Ẹ jẹ́ kí wọ́n tan án. Ṣé Màmá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ẹ lọ gba èyí tí yóò tó oṣù kan sílẹ̀ ní ilé oògùn lọ́sẹ̀ yìí, nítorí àwọn ilé oògùn máa ń tì, ìlà á sì gùn nígbà tí wọ́n bá ṣí. Bí ó bá jẹ́ irú oògùn tí ń gbé inú fíríìjì, nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni fíríìjì fi ń tutù bí iná bá lọ tí ẹ kò sì ṣí i, nítorí náà ẹ ní kúlà àti yìnyín nílẹ̀ fún un. Màmá tèmi ní kí n kí wọn, wọ́n ní àdúgbò wo ni wọ́n ń gbé lọ́dún 1980?